Kò Sí Ẹ̀tàn Nínú Òwò Mùsùlùmí: Ìkìlọ̀ fún Ẹni tó Lọ Sinmi àti Ẹni tó Ń Tajà fún Un

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ṣe òwò ní haláálì fún wa tó sì ṣe owó èlé ní haráámù. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà ti ń pè ní al-Amín, Olóòótọ́, kí iṣẹ́ Ànọ́bì tó dé bá a rárá, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn ṣọ́hábà rẹ̀ lápapọ̀.



Bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ọdún bá ń parí lọ, gbogbo wa la mọ bí ìlú wa ṣe máa ń kún. Àwọn kan á ti Èkó dé, àwọn kan á ti Ìbàdàn àti Abuja wọlé, àwọn mìíràn á ti London àti Amẹ́ríkà wá. Ẹni tí kò lè wálé lọ́dún náà lè kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí etí òkun níbi tí wọ́n á ti sinmi. Ìsinmi dára, ẹ̀sìn wa kò sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí: ẹni tó wà nínú ìsinmi ni ẹlẹ́tàn ọlọ́jà fẹ́ràn jù lọ láti bá pàdé. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ àdúgbò, kò mọ iye tí nǹkan ń lọ, ọjọ́ tí yóò padà sì ti sún mọ́lé débi pé kò ní àyè láti wádìí.

ỌJÀ KAN TÍ WỌ́N Ń TÀ FÚN ONÍSINMI

Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọjà kan wà tí wọ́n ń pè ní timeshare. Wọn kì í ta ilé fún ènìyàn nínú òwò yìí. Ìgbà inú ilé ni wọ́n ń tà. Wọ́n á kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí etí òkun tàbí sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún, nítorí náà wọ́n á pín yàrá kan sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì tà á fún àwọn ènìyàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ra ọ̀sẹ̀ kan yóò máa lo yàrá náà fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún, fún iye ọdún tí ìwé àdéhùn bá sọ. Láti ọdún 1963 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Hapimag ti bẹ̀rẹ̀ irú ètò àjùmọ̀lò báyìí ní Switzerland. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé Spain àti àwọn erékùṣù rẹ̀, ó sì dé Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn wa tó ń gbé òkè òkun náà máa ń kó ọmọ wọn lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré sọ pé haráámù ni ọjà náà fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fiqh gbà pé ènìyàn lè ta àǹfààní ohun ìní rẹ̀ fún àkókò tí a mọ̀, ní iye tí a mọ̀, bí a ti ń háyà ilé tàbí oko. Ní Mẹ́kà gan-an, nínú àwọn ilé gogoro Abraj al-Bait tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Haram, wọ́n ti ta irú ìgbà báyìí fún àwọn Mùsùlùmí lábẹ́ orúkọ sukuk al-intifa. A kò bá ọjà náà jà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà tà á ni a fẹ́ gbé sí ìwọ̀n ẹ̀sìn.

Nínú Súrátun-Nísáì, áyà 29, Ọlọ́hun kọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ láti máa jẹ owó ara wọn lọ́nà èrú, àfi tó bá jẹ́ òwò tí tọ̀túntòsì yọ́nú sí. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ìyọ́nú yìí dáadáa, nítorí òun ni òpó tí òwò dúró lé. Ẹni tí a bò lójú tí a sì ń lé níré lè buwọ́ lùwé, ṣùgbọ́n kò tíì yọ́nú. Orí tákàdá ni ìbuwọ́lùwé wà, inú ọkàn ni ìyọ́nú wà. Ọlọ́jà tó bá gba ti àkọ́kọ́ láìní ìkejì, owó ọmọlàkejì rẹ̀ ló jẹ.

ÌDẸKÙN KÌÍNÍ: PÍPÀDÉ LỌ́NÀ

Ní erékùṣù Tenerife àti ní Costa del Sol ní Spain, pàápàá ní àwọn ọdún 1980 sí 1990, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ máa ń dúró sí ojú ọ̀nà etí òkun. Wọ́n á fún àwọn tó ń gbafẹ́ ní káàdì kékeré kan pé kí wọ́n ha á. Ẹni tó bá ha á á rí i pé òun jẹ ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀bùn náà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé wọn lọ wo ilé kan. Ní Orlando ní Florida, tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ìṣeré àwọn ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń fi pe ènìyàn: wọ́n á ní àwọn yóò tà á ní ẹ̀dínwó fún tọkọtaya tó bá gbà láti wá jókòó gbọ́rọ̀ fún ìṣẹ́jú 90.

Àwọn ará Mẹ̀dínà ìgbà Ànọ́bì mọ irú ìpàdé báyìí. Àwọn kan máa ń jáde lọ pàdé àwọn oníràkúnmí tó ń kó ẹrù bọ̀ láti oko àti láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á rà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó mọ iye tó ń lọ nínú ọjà. Ànọ́bì wa kọ̀ ọ́ fún wọn. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, ó fi kún un pé bí ẹlẹ́rù náà bá dé ọjà tó sì rí i bí nǹkan ti rí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti tú òwò náà ká bó bá fẹ́. Àwa ọmọ Ìgbómìnà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. A mọ alájàpá tó máa ń dúró sí ẹnu bodè ní ìdájí ọjọ́ ọjà, tó ń de àgbẹ̀ tó ru iṣu bọ̀, kí àgbẹ̀ tó mọ̀ pé iṣu ti gbówó lórí lánàá. Òótọ́ ni pé àgbẹ̀ ń tà, onísinmi ń rà. Síbẹ̀ ọ̀kan náà ni àbùkù méjèèjì: a bá ènìyàn ṣòwò níbi tí kò ti lè mọ iye tí ọjà ń lọ.

ÌDẸKÙN KEJÌ: Ẹ̀BÙN TÓ Ń TÌ NÍ LÓJÚ

Ànọ́bì wa máa ń gba ẹ̀bùn, ó sì máa ń san án padà, nítorí pé ẹ̀bùn ń mú ìfẹ́ wọ inú ọkàn. Ẹlẹ́tàn náà mọ èyí. Yorùbá sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Wọ́n á fi mọ́tò wá gbé tọkọtaya ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á bá àwọn ọmọ wọn ṣeré. Ìṣẹ́jú 90 tí wọ́n dá lè di wákàtí mẹ́rin. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá tà tì, ọ̀gá rẹ̀ á wá jókòó. Bí ọ̀gá náà bá tà tì, ẹlòmíràn á dé pẹ̀lú iye owó tó kéré sí ti ìṣáájú. Nígbà náà ni ojú á máa ti ọkọ láti sọ pé òun kò rà lójú ìyàwó àti àwọn ọmọ, lẹ́yìn oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ.

Nínú gbọ̀ngàn yẹn náà ni wọ́n ti máa ń pàtẹ́wọ́ lójijì pé ẹbí kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tiwọn, kí ẹni tó jókòó lè rò pé gbogbo ayé ló ń rà á. Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n fi ìyẹn pa, kò jìnnà sí ohun tí Ànọ́bì wa kọ̀ tí wọ́n ń pè ní najsh: kí ẹni tí kò fẹ́ ra ọjà wá máa fi owó kún un, kí ẹlòmíràn lè kó sí i.

ÌDẸKÙN KẸTA: ÒNÍ NÌKAN

Gbólóhùn tí wọ́n gbójú lé jù ni pé iye owó tí wọ́n dá yìí, òní nìkan ló wà. Bí onísinmi bá ní kí àwọn lọ sùn lé e, wọ́n á ní bó bá jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bọ́. Ẹ bi ara yín léèrè: ọjà tó bá dára lónìí, kí ni yóò bà á jẹ́ lọ́la? Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ sùn mọ́jú, ohun tí ẹ máa rí nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ló ń sá fún.

Nínú Muwatta, Ìmáámù Máálik, ẹni tí àwa ń tẹ̀lé mádíábù rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, gba ìtàn ọkùnrin kan wá tó fẹjọ́ sun Ànọ́bì pé wọ́n máa ń tan òun jẹ nínú òwò. Àwọn onímọ̀ sọ pé Habban ọmọ Munqidh ni, ẹni tí orí rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́, tí kò sì lè bá ọlọ́jà na ọ̀rọ̀. Ànọ́bì kọ́ ọ pé nígbàkígbà tó bá ń ra nǹkan, kó sọ ọ́ síta pé kò sí ẹ̀tàn. Nínú èyí tí Ibn Maajah gbà wá, Ànọ́bì tún fún un ní òru mẹ́ta lórí ohun gbogbo tó bá rà: bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó mú un; bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó. Lẹ́yìn ọdún tó lé ní 1,300 ni àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó wá ṣe òfin timeshare ní 1992, tí wọ́n fún olùrà ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣe tiwọn ní 1994 pẹ̀lú ọjọ́ 10, wọ́n sì tún un ṣe pẹ̀lú òfin 2008 sí ọjọ́ 14, wọ́n sì kọ̀ kí ọlọ́jà gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ olùrà kí ọjọ́ wọ̀nyẹn tó pé. Ní Florida, ọjọ́ 10 ni òfin fún olùrà. Gbogbo wọn wá rí i pé kò sí ìyọ́nú níbi tí kò ti sí àyè láti ronú. Ọ̀rọ̀ tí Ànọ́bì sọ fún ọkùnrin kan tó fara gbọgbẹ́ ti dáàbò bo gbogbo wa.

ÌDẸKÙN KẸRIN: FÍFI OHUN TÓ TUTÙ SÍ ABẸ́

Ànọ́bì wa kọjá lọ́dọ̀ òkìtì oúnjẹ kan nínú ọjà. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin. Olówó ọjà ní òjò ló pa á. Ànọ́bì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá tan ni jẹ kò sí lára wa. Muslim ló gba hádíìsì yìí wá, ó sì wúwo fún ẹni tó bá ní etí.

Nínú òwò timeshare, kí ló tutù lábẹ́ òkìtì? Èkíní ni owó ìtọ́jú ilé. Ọdọọdún ni ènìyàn á máa san án, yálà ó lọ tàbí kò lọ, ó sì sábà máa ń lé sí i. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ ṣe é. Ká ní ènìyàn san 10,000 pọ́n-ùn ra ọ̀sẹ̀ kan, tí owó ìtọ́jú sì jẹ́ 800 pọ́n-ùn lọ́dún láì lé rárá. Ní ogún ọdún, yóò ti san 16,000 lórí ìtọ́jú, àpapọ̀ rẹ̀ á di 26,000 pọ́n-ùn fún ọ̀sẹ̀ ogún. Èyí jẹ́ 1,300 pọ́n-ùn fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì tíì san owó ọkọ̀ òfuurufú tàbí jẹun. Kí ó bi ara rẹ̀ bóyá yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kò ní dín sí iye yẹn.

Ìkejì ni pé wọ́n á ní ohun ìní ni, pé owó rẹ̀ á máa lé, pé ènìyàn lè tà á nígbàkígbà. Ọ̀pọ̀ tó gbìyànjú láti tà á rí i pé kò sí ẹni tó fẹ́ rà á, àní ní ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá iye tí wọ́n san. Ìkẹta ni iye ọdún. Òfin Spain ti 1998 kò gbà kí irú àdéhùn tuntun bẹ́ẹ̀ kọjá ọdún 50, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣì ń tà á láìní òpin, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Spain fi bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé irú àdéhùn wọ̀nyí ní 2015. Ẹ ro ti baba tó rò pé ohun rere ni òun fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, tó wá jẹ́ gbèsè ọdọọdún ni wọ́n bá nínú ogún. Ìkẹrin ni owó èlé. Ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n á wá owó yá a lórí ìjókòó pẹ̀lú èlé tó ga. Bí Mùsùlùmí ṣe ń wá ìsinmi fún ara rẹ̀ ló ṣe tọrùn bọ ogun tí Ọlọ́hun kéde rẹ̀ sí àwọn tó ń jẹ owó èlé nínú Súrátul-Bákọrà, áyà 279.

IHÒ KAN NÁÀ LẸ́Ẹ̀KEJÌ

Ẹlẹ́tàn kì í fi ẹni tó ti mú sílẹ̀. Ní 2001, ilé ẹjọ́ kan ní London rán ọ̀gbẹ́ni John Palmer lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ lórí èrú timeshare ní Tenerife. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni èrú náà kàn. Lára ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n ń sọ fún ẹni tó ti ní timeshare tẹ́lẹ̀ pé kó ra tuntun, pé àwọn á bá a ta ti àtijọ́ ní èrè. Tuntun nìkan ni wọ́n rà. Ní oṣù kẹrin 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de àwọn ènìyàn àti ilé iṣẹ́ kan ní Mexico tí wọ́n ní wọ́n ń bá ẹgbẹ́ oníkokéènì ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tí irú wọn ń gbà ni pé wọ́n á tẹ onítimeshare láago pé àwọn ti rí ẹni tí yóò rà á, kó kàn kọ́kọ́ san owó orí ìwé. Ó á san, wọ́n á ní ó ku òmíràn, títí owó á fi tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ànọ́bì wa kọ́ wa pé a kì í ta onígbàgbọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti inú ihò kan náà. Ẹni tó ní òun fẹ́ gba owó yín padà fún yín, tó sì kọ́kọ́ ń béèrè owó, inú ihò yẹn náà ló wà.

NÍ ILÉ WA ŃKỌ́?

Bóyá ẹnì kan ń wí nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ló kan Ìrèsì nínú ọ̀rọ̀ Tenerife. Ìdẹkùn mẹ́rin yìí kan náà ni wọ́n ń dẹ de ọmọ wa tó wálé ọdún, ilẹ̀ ni wọ́n fi ń dẹ ẹ́. Ọmọ wa tó ti òkè òkun dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fẹ́ kí òun ní ibi tí òun á fi orí lé. Wọ́n á pàdé rẹ̀ ní ibi ìnáwó tàbí lórí fóònù. Wọ́n á fi bọ́ọ̀sì gbé e lọ wo ilẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ nínú páálí. Wọ́n á ní bó bá ra pulọ́ọ̀tì mélòó kan, àwọn á fi ọ̀kan ta á lọ́rẹ. Wọ́n á ní bó bá di ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, owó rẹ̀ á lé ní ìlọ́po méjì. Ọjọ́ tó bá san owó tán ló tó máa gbọ́ nípa owó sọfíyọ̀, owó ìwé, owó ìdàgbàsókè àdúgbò, àti owó tí àwọn ọmọ onílẹ̀ á tún wá gbà nígbà tó bá fẹ́ yọ ìpìlẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń jẹ́ pé ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ni, tàbí tí ẹbí méjì ń jà lé lórí ní kóòtù.

Òfin ilẹ̀ wa kò sùn. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ tó ti ní ìwé, ó gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà kí ọwọ́ rẹ̀ tó le. Ní Èkó, wọ́n ṣe òfin ní 2016 tó fi ẹ̀wọ̀n de ẹni tó bá ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ àti ẹni tó ń fi agbára gba owó ìpìlẹ̀, wọ́n sì dá àjọ LASRERA sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn tó ń ta ilé àti ilẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 fún gbogbo Nàìjíríà lòdì sí ìpolówó ẹ̀tàn àti fífi ipá mú ènìyàn ra nǹkan, àjọ FCCPC ló sì ń gba ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìsinmi rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà wo ni yóò rí lọ́yà? Ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń lé e níré.

Ẹ̀YIN Ọ̀DỌ́ TÍ Ẹ Ń BÁ WỌN TÀ

Ní ibi yìí ni ọ̀rọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa. Àwọn tó ń ha káàdì fún ènìyàn ní Tenerife, ọ̀dọ́ ni wọ́n. Àwọn tó ń gbé àwòrán pulọ́ọ̀tì kiri nílé wa, ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn kan nínú wọn sì ń kí ìrun pẹ̀lú wa ní mọ́sálááṣí. Iṣẹ́ ṣòro láti rí, kọmíṣọ̀n sì ń dán lójú. A kò sọ pé iṣẹ́ alágàta kò dára. Haláálì ni kí ènìyàn gba owó lórí pé ó mú olùrà bá olùtà, bó bá sọ òtítọ́. Ohun tí a ń bi yín ni èyí: ǹjẹ́ ẹ ti fi ojú ara yín rí ìwé ilẹ̀ tí ẹ ń polówó? Bí bàbá tó bí yín bá fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ rà á, ǹjẹ́ ẹ á jẹ́ kó rà á? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, irú owó wo ni ẹ ń gbà lọ́wọ́ bàbá ẹlòmíràn?

Ẹ gbọ́ ìtàn Jarir ọmọ Abdullah, ṣọ́hábà tó bá Ànọ́bì ṣe àdéhùn pé òun á máa fẹ́ ire fún gbogbo Mùsùlùmí. Ìránṣẹ́ rẹ̀ bá a ra ẹṣin kan ní 300 dírámù, ó sì mú olówó ẹṣin wá gba owó. Jarir wo ẹṣin náà, ó rí i pé ó ju iye yẹn lọ. Ó sọ fún olówó rẹ̀, ó ń fi kún un, ó ń fi kún un, títí ó fi san 800 dírámù. Òun ló ń rà, òun náà ló ń gbé owó sókè, nítorí pé àìmọ̀ ẹni kejì kò gbọ́dọ̀ di èrè òun. Bí onígbàgbọ́ ti rí nínú ọjà nìyẹn.

Ànọ́bì wa sọ pé bí olùrà àti olùtà bá sọ òtítọ́ tí wọ́n sì ṣe àlàyé, àlùbáríkà á wọ òwò wọn. Bí wọ́n bá pa irọ́ tí wọ́n sì fi nǹkan pamọ́, àlùbáríkà á kúrò níbẹ̀. Ó sì sọ ti ẹni tó ti rìn jìnnà, irun rẹ̀ kún fún eruku, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè ó ń pe Olúwa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ haráámù ni oúnjẹ rẹ̀, haráámù ni ohun mímu rẹ̀, haráámù ni aṣọ ọrùn rẹ̀; báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gba àdúà rẹ̀? Ẹ̀yin ará, ìgbà tí ilé bá le ni a máa ń gbé ọwọ́ sókè. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe fi kọmíṣọ̀n pulọ́ọ̀tì kan ti ilẹ̀kùn àdúà mọ́ ara rẹ̀.

KÍ NI KÍ A ṢE?

1. Ẹ má ṣe ra ohun ńlá ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i. Ẹ fi òru mẹ́ta tí Ànọ́bì fún Habban ṣe ìlànà fún ara yín. Ọlọ́jà tí kò bá gbà, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

2. Ẹ má ṣe tẹ̀lé ẹni tó pàdé yín lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀bùn. Bí ẹ bá ti jẹun rẹ̀, kì í ṣe gbèsè. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì máa lọ.

3. Ẹ béèrè fún gbogbo owó tó wà níbẹ̀ lákọsílẹ̀: ti òní, ti ọdọọdún, ti ìkẹyìn. Súrátul-Bákọrà, áyà 282, áyà tó gùn jù nínú Al-Ùránì, ọ̀rọ̀ kíkọ àdéhùn sílẹ̀ àti níní ẹlẹ́rìí ló dá lé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà tí kò sí nínú ìwé, ẹ kà á sí afẹ́fẹ́.

4. Bó bá jẹ́ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí sọfíyọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín wá wò ó, kí lọ́yà yín yẹ ìwé rẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ìjọba, kí ẹ sì bá olórí ẹbí tó ni ín sọ̀rọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

5. Ẹ má ṣe yá owó èlé nítorí ìgbafẹ́. Ìsinmi tí yóò mú gbèsè wálé kì í ṣe ìsinmi.

6. Ẹni tó ti kó sí i, kó tètè ka ọjọ́ tí òfin fún un láti yí ọkàn padà, kó kọ ìwé ránṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé, kó sì fi ẹ̀dà pamọ́. Kó má ṣe dákẹ́ nítorí ìtìjú, nítorí ìtìjú ẹni tí a tàn ni oúnjẹ ẹlẹ́tàn. Bí ó bá sì fẹ́ ta tirẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó sọ gbogbo àbùkù rẹ̀ fún un. A kì í fi ẹ̀tàn bọ́ nínú ẹ̀tàn.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ìmáámù wa, ẹ bá wa sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí mínbárì kí ọdún tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba àlejò, ẹ máa bá wọn wádìí kí wọ́n tó ná owó. Ọmọ Ìrèsì tó wálé sinmi, ọ̀dọ̀ wa ni ó wá fi ara lé. Kò yẹ kó jẹ́ ọwọ́ wa ni owó rẹ̀ ti sọnù.

Kí Ọlọ́hun fi haláálì Rẹ̀ tó wa, kó má jẹ́ kí a wo ọ̀nà haráámù. Kó fi àlùbáríkà sí òwò wa àti ìsinmi wa. Kó dá ohun àwọn tí wọ́n tàn jẹ padà fún wọn, kó sì fi ọ̀nà ìrònúpìwàdà han àwọn tó tàn wọ́n. Kí ó kó wa jọ ní Ọjọ́ Ìdájọ́ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò olóòótọ́. Àmín, yaa Rabbal-aalamiin.